Igi Tẹlifóònù Tó Wà ní Pobẹ̀

Fabiola ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kútọ̀nù? Ṣé iṣẹ́ kì í rẹ̀ ọ́ jù? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí ẹ̀ka á máa ṣọ́ ọ. Gbogbo wa ní Igana wà dáadáa, àfi òjò tó ń tàn wá jẹ, á ṣú, á ṣú, kò ní rọ̀.

Ohun tójú mi rí ní Pobẹ̀ ló mú mi kọ̀wé. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Anicet, tó kọ́ṣẹ́ ọnà ní Àjàṣẹ́, kó tẹlifóònù àtijọ́ jọ, àwọn ti kabínì tí a máa ń tò sí níjọ́sí ká tó lè bá ará ìdálẹ̀ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú rédíò tó ti kú, ó jó wọn mọ́ irin, ó sọ wọ́n di igi ńlá níwájú ilé àwọn ọ̀dọ́. Ohun tí à ń gbé sétí wá rọ̀ wálẹ̀ bí èso. Wọ́n ní ọnà ni, pé kéèyàn fọwọ́ kàn án. Èmi rò pé kabínì ti padà dé ni, inú mi dùn, torí pọ́tábù rẹ, fóònù tí ò ń gbé kiri yẹn, kì í wọlé bí mo bá pè ọ́.

Mo bá tò, mo gbé ọ̀kan sétí, mo ní kí wọ́n bá mi pe Fabiola ní Kútọ̀nù. Baba kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù, lédè Gùn. Mo kí i, mo bá a kẹ́dùn, mo bi í bóyá ó ti wá a lọ́nà odò, kò dá mi lóhùn, ó ṣáà ń bá ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ lọ. Nígbà tó dákẹ́, nǹkan dún, mo rò pé ẹni tó ń so wáyà ló ń dúró de iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán. Bí ọwọ́ ò ti tẹ̀ ọ́, mo ní kó bá mi jíṣẹ́ fún Madeleine àbúrò mi ní Pobẹ̀ níbẹ̀.

O mọ̀ pé láti ìgbà tó ti sin ìyá wa láìdúró dè mí, a kì í kí ara wa. Mo ní kó sọ fún un pé kì í ṣe ìsìnkú ló ń dùn mí mọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó dá sunkún tirẹ̀, èmi náà dá sunkún tèmi, bẹ́ẹ̀ ìyá kan ló bí wa. Mo ní mi ò mọ ẹsẹ̀ tí mo máa fi wọ ilé rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo gbé e kọ́. Anicet ò gba kọ́bọ̀, mo sì sọ fún un pé bó bá ń ṣòwò báyìí, kò ní là.

Àṣé igi náà ń gba ohùn pamọ́ ni! Ohun tí o bá sọ sí i, á máa sọ ọ́ fáwọn ẹlòmíràn. Obìnrin aláta kan ló dá ohùn mi mọ̀ tó sáré lọ pe Madeleine. Wọ́n ní ó gbé e sétí títí tí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ fi ń kùn.

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́kadà sẹ́mì já Madeleine sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Kò kí mi. Ó ní èmi ni àgbà, kí ló dé tí mo fi rán irin sí òun. Mo ní irin ni kò bá mi bínú. Ló bá jókòó, a jọ sunkún ìyá wa títí ọbẹ̀ fi jóná.

Ọmọ mi, jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti èèyàn méjì ni o, a fẹ́ wá kí ọ. Má ṣe wàhálà ibùsùn. Ẹní kan ló gbà wá nígbà tá a wà lọ́mọdé, ẹní kan ló máa tún gbà wá.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ní ọ̀rọ̀ fún ọmọ ìyá rẹ kí o má rí ẹnu sọ ọ́.

Èmi ìyá rẹ,
Ọláwùmí