Bí Wàá Ṣe Tọ́jú Tòmátì Wa

Wilf, ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Èmi wà dáadáa. Bẹ́ẹ̀dì mi ní ilé ìwòsàn yìí kọjú sí òkun. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ti lọ sílé, mo wá ń gbádùn ìdákẹ́jẹ́.

Oṣù Júùnù ti dé, nítorí náà gbọ́ mi o. Gbogbo ẹ̀ka kékeré tó bá ń yọ lábíyá tòmátì, níbi tí ewé ti so mọ́ igi rẹ̀, fọwọ́ já a kúrò, kí èso lè tóbi. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o máa bomi rin ín; ìdí rẹ̀ ni kí o da omi sí, kì í ṣe orí ewé. Kọ ọ́ sínú ìwé, torí o máa ń gbàgbé.

Dókítà wá lánàá. Ó jókòó tì mí, ohun tí kò ṣe rí, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn tó lọ, mo ní kí Gwenda, nọ́ọ̀sì mi, fi àga onítáyà tì mí lọ sí àgbàlá. Òdòdó róòsì ibẹ̀ ti rọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná já a.

Gwenda ní, "Màmá Enid, ta ló gbà yín síṣẹ́ níbí?"

Mo ní, "Bí a ò bá já èyí tó ti rọ, òmíràn ò ní yọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó di ọwọ́ mi mú.

Má ṣèyọnu láti wá ní Sátidé. Ọ̀nà jìn, ẹ̀wà ọgbà wa sì ń fẹ́ kí o ri igi mọ́lẹ̀ fún un láti gùn.

Bá mi kí Dilys aládùúgbò wa. Tó bá béèrè mi, sọ fún un pé mo ń jẹun dáadáa.

Èmi ni,
Enid rẹ