Ẹnì Kẹta Tí Bàbá Rẹ Ń Dúró Dè

Àgbọ̀nrín mi,

Kí n tó kí ẹ rárá, jẹ́ kí n sọ ọ́ kó kúrò láyà mi, nítorí láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń gbé e kiri bí ẹni gbé omi gbígbóná láìní òṣùká: bàbá rẹ dúró dè ẹ́ lójú gbogbo èèyàn, o ò wá, ó sì ti gbà pé o kọ òun ní bàbá. Ìwọ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi tí mo bí ẹ ni mo fà á.

Ó ti jáde báyìí. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ò fi nǹkan kan ṣe ẹ́? Ọlọ́run tó mú ẹ jáde nílé yìí tí ẹsẹ̀ rẹ ò kọ, á máa ṣọ́ ẹ nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn, kò ní gé ẹ lọ́wọ́, ìwé tí o bá tẹ̀ kò ní wọ́, wàá sì máa rí ojúrere ọ̀gá rẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ jókòó ní kíláàsì ló fún mi ní àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ rẹ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó fún mi ní nọ́ńbà fóònù rẹ tuntun, ó ní òun ti búra fún ẹ pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n pé àdírẹ́sì ò sí nínú ìbúra. Ọmọ yẹn á di lọ́yà. Ilé náà wà bó ṣe wà. Òrùlé ibi ìdáná ṣì ń jò níbi tó ń jò sí, àfi pé a ti gbé àga kúrò níbẹ̀, nítorí náà kò jò mọ́ lójú tiwa.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ilé-ìwé girama tí o ti jáde ṣe eré ìdíje kan láti fi wá owó tún ilé ìwòsàn ṣe. Tíṣà eré ìdárayá yín, ẹni tí ẹ ń pè ní Fèrè nítorí fèrè kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ló gbé e kalẹ̀. Eré mẹ́ta ni nínú ẹyọ kan. Wọ́n á kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ibi kẹ́ẹ̀gì kan tí wọ́n so sáàárín odò, wọ́n á sì padà. Wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìlagi ní àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n á wá sáré láti pápá ilé-ìwé dé ilé ìwòsàn. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e lè dá a ṣe, ṣùgbọ́n ìdílé kan lè pín in sọ́nà mẹ́ta, kí ẹnì kan lúwẹ̀ẹ́, kí ẹnì kan gun kẹ̀kẹ́, kí ẹnì kan sáré. Okùn kan wà tí wọ́n máa ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ẹni tó bá ṣe tirẹ̀ tán á tú u fún ẹni tó kàn.

Mo mú fọ́ọ̀mù wálé bí eré bí àwàdà. O mọ̀ pé bàbá mi ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn kọjá odò yẹn, kí n tó mọ ìrìn ni mo ti mọ omi. Bàbá rẹ sì rèé, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo bi í pé ta ni ẹnì kẹta. Ó tẹrí mọ́lẹ̀, ó ń lẹ táyà, ó wá ní ṣé ilé yìí ò ní ẹlòmíì tó mọ eré sá ni.

Ọmọ mi, oṣù mọ́kànlá ni bàbá rẹ ò fi dárúkọ rẹ, látìgbà tó ti sọ pé bí o bá fi ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé, kí o má padà wá pe òun ní bàbá, tí ìwọ náà sì gbé báàgì rẹ tí o ò bojú wẹ̀yìn. Ẹ jọra yín bí ìmumu, ẹ̀yin méjèèjì, kò sí ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohun tó sọ sórí táyà yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni. Èmi ni mo gbọ́ èdè rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù náà ń bi èèyàn ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá. Ó ní ṣé mo ní àìsàn kan. Mo kọ òótọ́ síbẹ̀, ẹ̀yìn tó ń ro mí látìgbà tí mo ti bí ẹ, eyín ìsàlẹ̀ lápá òsì, àti àyà mi tó máa ń já bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn lójijì. Nígbà tí àyè tán, mo yí ìwé náà sẹ́yìn. Níbì kan wọ́n ní kí n tọwọ́ bọ̀wé pé bí mo bá kú sómi, ẹjọ́ wọn kọ́. Mo fi bírò fagi lé e, mo kọ Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ sórí rẹ̀, ìgbà yẹn ni mo tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Tíṣà Fèrè wò ó títí, ó ní kò burú.

Níbi tí wọ́n ti béèrè nọ́ńbà fóònù rẹ ni mo ti ṣìnà. Nọ́ńbà rẹ àtijọ́ ò lọ mọ́, bí mo bá pè é, obìnrin kan ló máa ń gbé e, mo ti bẹ obìnrin yẹn lọ́pọ̀ ìgbà pé kó bá mi jíṣẹ́ fún ẹ, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ, kò sì ní jẹ́ kí n parí tèmi. Ni mo bá kọ nọ́ńbà mi síwájú orúkọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Má rò pé orí mi dàrú. Báńkì tí mo ń fowó sí máa ń kí mi lọ́jọ́ ìbí mi lọ́dọọdún, láàárọ̀ kùtù, kí bàbá rẹ tó rántí, èmi ò sì ránṣẹ́ sí wọn rí pé ọjọ́ ìbí mi ti pé. Mo ní ẹ̀rọ tó lè mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ṣé á wá wá ọmọ mi tì? Orúkọ rẹ ni mo rò pé ẹ̀rọ ń fẹ́, pé nọ́ńbà wà fún ẹni tó mú fọ́ọ̀mù wá. Kí n má sì purọ́ fún ẹ, ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló pè ẹ́, bàbá rẹ ò bẹ̀ ẹ́, ìwọ náà ò bẹ bàbá rẹ, ẹnikẹ́ni ò ní tẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta wọlé tẹ̀léra. Ẹ̀kẹta dárúkọ rẹ, ó ní o káàbọ̀, orúkọ rẹ ti wọlé, a ń retí rẹ ní pápá. Mo rò pé wọ́n ti rí ẹ, o ti gbà, wọ́n kàn ń jẹ́ kí ìyá rẹ náà gbọ́ ni. Mo sáré lọ bá bàbá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní ó ti gbà o, àgbọ̀nrín wa ti gbà. Ó ní ó dáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta mo bá a ní yàrá rẹ tó ń kó àwọn táyà ògbólógbòó tó ti kó síbẹ̀ látìgbà tí o ti lọ jáde, ó ní òun ń wá èyí tó bá kẹ̀kẹ́ òun mu. Táyà méjì ló ń wá. Mọ́kànlélógún ló kó jáde, ó sì fi omi àti ọṣẹ fọ ilẹ̀.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Láràárọ̀ ni mò ń wọ odò, bàbá rẹ á dúró létí omi pẹ̀lú aago lọ́wọ́, bí mo bá fẹ́ sinmi á ní ṣé ẹja máa ń sinmi ni. Omi tí mò ń bá ṣeré lọ́mọ ọdún méjìlá ti gbàgbé mi, ọmọ mi, mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì, gbogbo ìgbà ni iṣan ẹsẹ̀ mi ń fà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, òun náà á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìlagi, títí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi ń bi í pé kí ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ó sọ fún mi pé a gbọ́dọ̀ ṣáájú kí okùn tó dé ọwọ́ rẹ. Ó ní òun ò fẹ́ kó jẹ́ pé ìwọ lo máa wá máa lé èèyàn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí eré náà wáyé, kò sẹ́ni tó lè jẹun nílé wa. Wọ́n so okùn náà mọ́ mi lẹ́sẹ̀, nǹkan dúdú kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ń ka àkókò. Mo bi Tíṣà Fèrè bóyá iná wà nínú rẹ̀ tó lè gbé mi nínú omi. Ó ní kò sí. Mo ní kó kọ́kọ́ ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ omi pẹ̀lú rẹ̀ kí n rí i, ó sì ṣe é. Wọ́n to nọ́ńbà àyà sórí tábìlì, tìrẹ wà níbẹ̀, orúkọ rẹ gàdàgbà. Bàbá rẹ fọwọ́ kàn án. Ó bi mí pé ṣé o ti dé, mo ní ọkọ̀ á ti máa gbé ẹ bọ̀, ìlú ńlá jìnnà.

Ìdílé mẹ́sàn-án la bọ́ sómi. Àwọn èèyàn ń fi ẹsẹ̀ gbá mi lójú. Níbi kẹ́ẹ̀gì tí a ti máa ṣẹ́rí padà, iṣan ẹsẹ̀ mi fà, mo mu omi, mo sì lọ sísàlẹ̀. Ohun tí mo rò níbẹ̀ ni pé bí mo bá kú, ìwọ á sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ wá bá òkú mi, bàbá rẹ á sì ní èmi ni mo pè ẹ́ wá wò ó. Mo dojú sókè, mo fi ọwọ́ nìkan wa ara mi títí ẹsẹ̀ náà fi rọ̀. Ipò kẹrin ni mo jáde. Bàbá rẹ tú okùn náà, ó ní ṣé ó ti dé? Mo ní ẹ máa lọ, á ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó ṣe tán.

Mo sá lọ sí pápá pẹ̀lú aṣọ tútù lára. Gbogbo ọkọ̀ tó dúró lẹ́nu géètì ni mo lọ yẹ̀ wò. Mo rí ẹnì kan tó ní èjìká bíi tìrẹ, mo pè é lórúkọ rẹ, ó yíjú, kì í ṣe ìwọ. Gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́nu géètì ló ń wo ibi tó yẹ kí o dúró sí. Nígbà kẹta ó ti wà ní ipò kejì. Nígbà kẹrin, òun ló ṣáájú. Àgbọ̀nrín mi, lórí kẹ̀kẹ́ tó fi irin àtijọ́ tò fúnra rẹ̀, ó fi ọmọ oníbúrẹ́dì tó gun kẹ̀kẹ́ olówó ńlá sẹ́yìn! Ó bọ́ sílẹ̀, ó na okùn náà síwájú, kò sí ẹni tó máa gbà á.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sáré. Tíṣà Fèrè yọ fèrè lẹ́nu, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá rí ètè rẹ̀, ó ní ẹ má bínú, ìyá, orúkọ tó wà níwèé nìkan ló lè sáré. Ìyá oníbúrẹ́dì ní ṣé ẹ̀yin ará ilé kẹ̀kẹ́ kàn wá fọra yín lódò kí ẹ sì gba atẹ́gùn ni, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ di okùn náà mú, ó kọjú sí géètì. Ẹnì kejì dé, ọmọ wọn gba tiwọn, ó sá lọ. Ẹnì kẹta dé. Gbogbo wọn sáré tán, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká àga, ó ṣì dúró. Nígbà tó yá, ó gbé okùn náà sórí tábìlì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sọ fún mi pé ọmọ náà ti dá òun lóhùn. Ńṣe ló ti kẹ̀kẹ́ délé, kò gùn ún. Láti ọjọ́ kejì ni táyà ti padà sí yàrá rẹ.

Mo bínú sí ẹ, kí n sọ òótọ́. Mo bínú sí ẹ fún ọjọ́ márùn-ún gbáko. Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé fóònù mi lọ sọ́dọ̀ ìyàwó tó ń tún fóònù ṣe lójú títì, nítorí fóònù náà ní òun ti yó, òun ò gba ọ̀rọ̀ mọ́. Bó ṣe ń pa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́, ó bi mí pé kí ni tọmọ yín ń wá lórí fóònù yín. Mo ní wọ́n ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí òun náà. Ó ní sí nọ́ńbà wo? Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wo ojú mi, ó wá gbé àga fún mi. Ó ní nọ́ńbà tí èèyàn bá kọ nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀. Ó ní ọjọ́ ìbí mi, èmi ni mo kọ ọ́ fún báńkì lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ. Òótọ́ ni, mo ti gbàgbé.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń rò ó bóyá kí n kúkú dákẹ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo kúnlẹ̀ sọ fún bàbá rẹ. Ó ní ìyá ni mí, pé màá máa bo ọmọ mi láṣìírí títí wọn á fi sin mí. Mo búra, mo mú fóònù wá, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn án. Ó wò wọ́n, ó tún wò wọ́n. Ó wá ní ká tilẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, pé kò gbọ́, bó bá gbọ́ ńkọ́, ṣé ì bá wá?

Mo ń wo ẹnu rẹ̀, òun náà ń wo tèmi. Látìgbà yẹn, bó bá ń jẹun lọ́wọ́, á gbójú sókè wò mí bí ẹni pé mo ti fẹ́ sọ ìdáhùn náà.

O mọ̀ pé nígbà tí o wà nílé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, ibi tí lẹ́tà mi bá dé báyìí ni ọ̀rọ̀ owó máa ń wọlé. Mi ò béèrè owó lọ́wọ́ rẹ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ, fi ra sítáǹpù. Mi ò sì ní kí o tọrọ àforíjì, ìwọ ò ṣẹ̀. Ọlọ́run á dúró tì ẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á gbè ẹ́, ọ̀nà tí o bá gbà lọ kò ní dí mọ́ ẹ lẹ́yìn. Ohun tí mò ń fẹ́ ni kí o mú bírò, kí o kọ ọ́ sí bàbá rẹ fúnra rẹ, sí i lórúkọ rẹ̀, kì í ṣe sí mi: bí o bá gbọ́, ṣé ò bá wá, àbí o ò ní wá? Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kọ ọ́ bó ṣe rí.

Èmi ìyá rẹ ni. Jọ̀wọ́, tètè fèsì.