Abdulmumin, Mo Ti Lọ Wo Ṣọ́ọ̀ṣì Náà

Agbo-ilé Gàrúbà,
Ìkirè.

Ọmọ mi Abdulmumin,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì wọ inú eegun rẹ? Ọlọ́hun tó gbé ọ kọjá òkun yóò máa ṣọ́ ọ, iṣẹ́ tí o bá dáwọ́ lé kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, o ò sì ní ṣàárẹ̀ níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò po ẹ̀kọ fún ọ. Àwa náà wà, alihamudulilahi. Bàlíkísù àbúrò rẹ kí ọ. Òun ni yóò fi fóònù ya ìwé yìí, tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọ. Ojú kan ṣoṣo ni mo kọ ọ̀rọ̀ sí lára ìwé kọ̀ọ̀kan, nítorí mi ò rò pé fóònù lè ṣí ìwé sẹ́yìn. Mo sì ti sọ fún un pé kó jẹ́ kí yíńkì gbẹ dáadáa kó tó yà á, kó má baà lẹ̀ mọ́ ojú fóònù tìrẹ lọ́hùn-ún.

Ìdí tí mi ò fi pè ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà gùn, obìnrin tó máa ń já lu ọ̀rọ̀ wa lórí fóònù pé owó ti tán kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dópin, mi ò sì mọ ibi tó ń gbé kí n lọ bẹ̀ ẹ́.

O mọ̀ pé bàbá rẹ ò bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ láti nǹkan bí oṣù kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n mi ò sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ọ. Muideen, àbúrò bàbá rẹ, ló mú fóònù rẹ̀ wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ní kí bàbá rẹ wá wo àwòrán tí o gbé sórí Wásáàpù. Ìwọ ni o dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Mansẹsita yẹn, tí o di àga onítáyà ìyá àgbà tí ò ń tọ́jú mú, tí ò ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ wò ó títí, wọ́n dá fóònù padà, wọ́n wọ bàtà, wọ́n gba oko kòkó lọ l'Ararọ̀mí-Òwu, ó di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó wálé. Láti ìgbà náà, tí o bá ti pè, wọ́n á ní ewúrẹ́ ti já okùn, wọ́n á bọ́ síta. Láti ọdún Iléyá ni ewúrẹ́ kankan ò ti sí nínú ilé wa mọ́.

Mo sọ gbogbo ohun tí o sọ fún mi fún wọn. Mo ní iṣẹ́ rẹ ni, pé àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyá àgbà gbọ́dọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, pé ìwọ lò ń bá a ṣí ìwé orin nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, pé o ò sì pa ìrun kankan jẹ. Wọ́n ní ta ló rí i. Ká má purọ́, ọkàn èmi náà ò balẹ̀. Mi ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ọmọ mi ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ni mo bá ní n ó lọ wò ó fúnra mi.

Mi ò lọ sí t'Ìkirè níbí, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ mí nídìí dòdò. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Àpòmù. Mo sọ fún bàbá rẹ pé mò ń lọ wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀, irọ́ kọ́ sì ni, mo ra méjì bọ̀. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni Ìyá Ọpẹ́yẹmí tó máa ń ra dòdò lọ́wọ́ mi. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó mú mi lọ jókòó lábẹ́ fáànù. Mo ti bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà kí n tó rí i pé tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀ ni gbogbo wọn wọlé. Mi ò padà lọ mú un, kí wọ́n má baà mọ̀ pé mi ò mọ̀.

Wọ́n ń dìde, wọ́n ń jókòó. Mo rò pé rákà wọn nìyẹn, mo ń kà á, nígbà tó di mọ́kànlá mo fi í sílẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà níwájú, orin ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, mo jókòó tì í bóyá wọ́n á dé orí ìròyìn Mansẹsita. Ìyá arúgbó kan wà níwájú mi tí kò lè dìde. Nígbàkigbà tí àwọn yòókù bá dìde, obìnrin tó mú un wá á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa kọ orin sí i létí kó lè bá wọn gbè é. Mo ń wo obìnrin yẹn, ìwọ ni mò ń rí. Mo fi etí híjáàbù mi nu ojú.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ẹni tó kọ́kọ́ wá dìde. Mo dìde, nítorí òótọ́ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ìyá Ọpẹ́yẹmí ti sọ fún mi pé ìjọ kan náà ni ìjọ àwọn káàkiri ayé, mo wá rò pé ẹ̀ka tìrẹ náà ni fọ́ọ̀mù yóò dé. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ ohun tí mo fẹ́ kí àwọn bá mi gbàdúrà sí, mo kọ ọ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, ọmọ mi Abdulmumin tó ń ti ìyá àgbà wá sọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n bá ní kí àwọn èèyàn dìde, kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó, orí ìdúró ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú. Mo ní Mùsùlùmí ni, kí wọ́n má bínú sí i.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá rẹ ń ṣe àlùwàlá ìrun Àsárì lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin kan wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ni Pásítọ̀ Olúgbémi láti Àpòmù, òun ń wá Ìyá Abdulmumin tó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn. Bàbá rẹ gbé búùtà sílẹ̀, wọ́n wò mí. Mi ò lè sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo lọ rà mọ́. Pásítọ̀ rí ojú mi, ó tètè bẹ̀bẹ̀, ó ní òun ò wá láti yí ẹnikẹ́ni lẹ́sìn padà, pé iṣẹ́ tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù ni òun ò mọ ẹni tí òun yóò jẹ́ ẹ fún, òun ní kí òun dá a padà fún mi lọ́wọ́ òun. Bàbá rẹ gbà á. Wọ́n lọ mú awò ojú wọn, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Wọ́n bi pásítọ̀ pé kí ni wọ́n ń ní kí àwọn tó ń ti arúgbó wá máa ṣe níbẹ̀. Ó ní kò sí, pé àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń sùn. Wọ́n ní ṣé wọn ò ní fi àga dù ú. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò fi àga dù ú. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní ta ló sọ pé ẹsẹ̀ Abdulmumin wú, ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn. Mo ní ó sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ jáde lọ mú ewúrẹ́.

Wọ́n ní kí pásítọ̀ jókòó dè wọ́n. Wọ́n kírun, wọ́n padà wá bá a, ó jẹ dòdò mẹ́rin. Nígbà tó lọ tán ni bàbá rẹ sọ fún mi pé kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ló dun àwọn jù, pé ẹ̀rín tó wà lójú rẹ nínú àwòrán yẹn ni. Wọ́n ní o ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ fún àwọn rí, àwọn rò pé o ti rí ilé mìíràn. Mo ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà ló sọ nǹkan tó pa á lẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, sọ ohun tó sọ fún wọn.

Pè wá lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, wọ́n ní àwọn ò ní lọ sí oko. Wọ́n ní kí o má fi owó ránṣẹ́ lóṣù yìí, kí o fi ra bàtà tó rọ̀. Èmi ò sọ pé rárá, ṣùgbọ́n agbada tí mo fi ń dín dòdò ti ń jò, tí nǹkan díẹ̀ bá ṣẹ́ kù lára owó bàtà, rántí mi.

Ọlọ́hun yóò tu ẹsẹ̀ rẹ lára. Ibi tí o bá wọ̀, wọn yóò fún ọ láyè. Ojú wa yóò tún rí ara wa nínú ilé yìí, pẹ̀lú ayọ̀.

Bàbá rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ní kí n bi ọ́ léèrè orúkọ ìyá àgbà náà, àwọn fẹ́ máa dárúkọ rẹ̀ nínú àdúà lẹ́yìn ìrun, nítorí òun ló sún mọ́ ọ jù níbẹ̀. Kọ ọ́ dáadáa, kí o sì kọ orúkọ ìyá tó bí i mọ́ ọn, nítorí wọn ò fẹ́ kí àdúà náà lọ bá ìyá àgbà ẹlòmíràn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàfúrátù.