Oko Iṣu Tí Mo Bò Lójú Kámẹ́rà

Bàbá Kalesita,

Mo ti lọ sí ìgboro Nukuʻalofa. Ọmọ yín pè láti Auckland láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Màmá, ṣebí ẹ ní ẹ̀yìn ń dun Bàbá tí wọn ò fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lánàá? Kí ni wọ́n ń fi ọkọ́ ṣe nínú oko iṣu?" Kámẹ́rà tó rà fún wa ló tú àṣírí yín. Odidi alàgbà tó ń lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò létí òkun lọ́jọ́ Ìsinmi.

Mo ti fi àmì dúdú bo oko náà lójú kámẹ́rà, mo sì ní kó má gba ohùn mọ́, kí ọmọ yín má baà tún rí yín níbẹ̀. Àwòrán àná ṣì wà níbẹ̀ o. Ọjọ́ méje ni mo ní kí ẹ̀rọ náà máa fi tọ́jú àwòrán kó tó pa á rẹ́. Títí di ìgbà náà, ẹ̀yin lẹ ni abọ́ fífọ̀. Ẹ̀yìn tó lè kọ ebè á lè fọ abọ́.

Lesieli