Àwọn Láptọ́ọ̀pù Àlàájà Zulfah

Ṣọ́ọ̀bù Tinú àti Lubabah,
Boundary, Ajégúnlẹ̀,
Àpápá, Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àìlà.

Tinú, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ tí o ń gbé pọ̀n. Ṣé Ìsẹ́yìn gbà yín? Ṣé ara yín dá ṣáká, ṣé ẹ ń jẹ, ṣé ẹ sì ń sùn? Èmi náà wà níbí, Alihamudulilahi, kò sí ohun tó ń ṣe mí àfi ẹnu tí mi ò lè pa dé láti àná. Mo pè ọ́ lórí fóònù títí, nẹ́tíwọọ̀kì yín ń dá mi lóhùn bí ẹni tó kó omi sẹ́nu, ni mo bá mú bírò. Mọ́tò tó ń lọ sí Ìsẹ́yìn láàárọ̀ ọ̀la ni yóò gbé lẹ́tà yìí àti ẹrù tó bá a rìn wá fún ọ. Má tíì tú ẹrù náà o. Ka lẹ́tà tán ná. Mo mọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ ti wà lára okùn báyìí.

O rántí ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí mi lójọ́sí. O ní, “Lubabah, pa ṣọ́ọ̀bù yẹn dé, kí o wá bá mi ta aṣọ ọmọdé. Àwọn láptọ́ọ̀pù yẹn ti dàgbà jù, àwa náà sì ń dàgbà.” Mi ò dá ọ lóhùn. Inú bí mi. Ohun tó sì jẹ́ kí inú bí mi ni pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ jọ òótọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi ní Olódì.

Ẹ̀yìn ìgbà tí o lọ ni mo mọ Àlàájà Zulfah. Ọmọ Ṣakí ni, ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé wa tírélà ní Liverpool Road títí agbára fi tán. Ó ní ilé-kéú kan ní Olódì-Àpápá, ó sì ya yàrá kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò yẹn, o kúkú mọ̀. Ọmọ tí kò bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, kó tó mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, àsìkò ti lọ. Iléeṣẹ́ kan létí wáàfù ló pààrọ̀ láptọ́ọ̀pù wọn, wọ́n sì fi àwọn àgbàlagbà inú rẹ̀ ta ilé-kéú náà lọ́rẹ. Àgbàlagbà ni mo pè wọ́n o. Òmíràn wà níbẹ̀, bí o bá tàn án láàárọ̀, wàá lọ ra ẹ̀kọ wá, wàá jẹ ẹ́ tán, kó tó la ojú.

Èmi ni Àlàájà gbé iṣẹ́ náà fún. Tinú, mo ṣe iṣẹ́. Mo tú gbogbo wọn sórí tábìlì wa. Eruku tírélà tó wà nínú fáànù wọn, èèyàn lè fi mọ ògiri. Mo yọ àwọn bátìrì tó ti wú. Mo yọ háàdì dísìkì tó ń yí gìrìgìrì, mo fi SSD rọ́pò rẹ̀, èyí tí kì í yí, tí kì í sì í pariwo. Mo fi RAM kún RAM. Mo nu ìpara tó ti gbẹ lórí ọpọlọ wọn, mo fi tuntun sí i kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí mo tàn wọ́n, wọ́n jí gìrì. Ovie tó ń ta ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dúró wò wọ́n, ó ní, “Na those old papa be this?” Mo ní àwọn náà ni. Mo fi wọ́n sílẹ̀ ní títàn lórí tábìlì láti àárọ̀ títí di Àláásàrì, kò sí èyí tó tilẹ̀ sín.

Mo kó wọn sínú kẹ̀kẹ́, ó di Olódì. Kò pẹ́ tí Àlàájà fi pè mí. Wọ́n ti kú. Wọ́n á tàn dáadáa, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ojú ẹ̀rọ á wá ṣókùnkùn lójijì. Mo kó wọn padà sí Boundary. Lórí tábìlì wa, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Mo dá wọn padà, wọ́n tún kú. Mo ní iná Olódì ni kò dára, mo gbé sìtábílásà lọ, wọ́n kú. Mo ní jẹnẹrétọ̀ wọn ni, mo bá ọkùnrin tó ń tún un ṣe jà débi pé mo ṣì máa lọ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún kú. Ẹni tó bá rí mi nínú kẹ̀kẹ́ nígbà náà, pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù lórí itan, á rò pé ọmọ ni mo ń gbé relé ìwòsàn.

Alájì Láwàlì ni alága ìgbìmọ̀ ilé-kéú náà. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó wò mí lójú gbogbo ìgbìmọ̀, ó ní, “Orí tábìlì rẹ nìkan ni ara wọn ti ń yá. Àbí ká kúkú kó àwọn ọmọ wá sí Boundary?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín tipátipá. Ó wá là á mọ́lẹ̀ pé ní Sátidé, àwọn ọmọ máa ṣe ìdánwò àṣedánrawò. Bí ẹ̀rọ bá tún kú lójú ìdánwò, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, kí yàrá náà sì di ibi ìkẹ́rùsí fún oníṣòwò kan tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un tipẹ́. Tinú, àwọn ọmọ yẹn kò ní ibòmíràn. Bí yàrá yẹn bá tì, ọjọ́ ìdánwò gan-an ni wọ́n máa tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀rọ̀ aṣọ ọmọdé rẹ wọlé. Mo sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí Ovie má wò mí.

Kò wò mí, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Sister, you don see where dem dey sleep?” Mo ní kí ló ń sọ, ṣebí mo ti lọ sí ilé-kéú náà títí ó fi sú mi. Ó di ìgbà tí mo jókòó ti oúnjẹ kí n tó rò ó wò. Lóòótọ́ ni mo ń lọ, ṣùgbọ́n pálọ̀ ni mo ń lọ. O mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe àlejò. Bí mo bá ti dé, Àlàájà á ní kí n jókòó, wọ́n á gbé omi tútù wá, òun fúnra rẹ̀ á wọ yàrá lọ, á nu láptọ́ọ̀pù mọ́ tónítóní, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Lójú tirẹ̀, ìwọ̀sí ni kéèyàn máa fa àlejò wọ ibi iṣẹ́. Mi ò wọ yàrá yẹn rí. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, èmi wá jókòó sí Boundary, mò ń sọ ọmọ Olódì lórúkọ.

Lọ́jọ́bọ̀, mo lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Mo bọ́ bàtà, mo sálámà, mo wọlé. Tinú, gbọ́ ohun tí mo rí. Gbogbo láptọ́ọ̀pù ló wà lórí ẹní ìkírun, ẹní tó nípọn, tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì. Wọ́n na ọ̀rá mọ́ kíbọ́ọ̀dù wọn kí eruku má bàa wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá wọ aṣọ fún wọn, aṣọ àrán aláwọ̀ ewé tó ní léèsì létí, tó gba ẹ̀yìn dé ẹ̀gbẹ́, ojú nìkan ló yọ. Àlàájà fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ rán an. Aṣọ náà dára, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ ni ihò tí ooru ń gbà jáde wà. Ẹní dí ti abẹ́, àrán dí ti ẹ̀gbẹ́. Bó bá kú, tí mo bá ń bọ̀, Àlàájà á bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò kó tó gbé e fún mi.

Ta ló máa bá wọn wí? Ilé ta ni wọn kì í ti í ṣe é? Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n rẹ, ṣé o ti yọ ọ́ nínú ọ̀rá tó bá a wá? Àga màmá mi ńkọ́, tí ọ̀rá ara rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ wa nítan nígbà ooru? Ohun tí a bá fẹ́ràn, bíbò là ń bò ó.

Ibi tó wá le nìyí. Àlàájà dúró, ó ń yọ̀ pé mo wá rí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ òun. Àwọn ọmọ ń wò wá. Alájì Láwàlì náà wà níbẹ̀, ó wá wo ibi tí ẹrù oníṣòwò máa gbà. Bí mo bá la ẹnu sọ pé, “Àlàájà, ẹ̀yin lẹ ń pa wọ́n,” mo ti tẹ́ àgbà lójú ọmọ nìyẹn, kò sì sí àtúnṣe fún un. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ma. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ eléyìí.” Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ léèsì, ó sì fà á yọ kíá. Ó ní, “Subuhanalahi, ibà ń ṣe é.” Mo ní, “Ibà kọ́ ma, aṣọ òde ló wọ̀ lọ sóko. Bó bá ti ṣiṣẹ́ tán, kó wọ aṣọ rẹ̀ kó sùn, eruku ò ní rí i. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó bọ́ra sílẹ̀ bí àgbẹ̀ tó ń kọ ebè.”

Ó wo aṣọ náà, ó wò mí. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó jẹ́ kí ìborùn yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ bọ́ṣọ fún wọn kíákíá. Mo rò pé mò ń kẹ́ wọn ni, àṣé mò ń sè wọ́n.” Bí a ṣe ká ẹní kúrò nìyẹn, a bọ́ àrán, a ṣí ọ̀rá, a sì fi ìdérí ìgò mínírà sábẹ́ wọn kí atẹ́gùn lè rí abẹ́ wọn gbà kọjá. Alájì Láwàlì ní a ó pàdé lọ́jọ́ Sátidé.

Àná ni Sátidé náà. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń ka tẹsíbíà, Alájì jókòó ní tirẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de òkú. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀. Fáànù ń fẹ́ jẹ́jẹ́. Wọ́n ṣe Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bọ́ sí Báyọ́lọ́jì, wọ́n bọ́ sí Kẹ́mísírì. Oòrùn mú, páànù orí ilé ń dún, kò sí ojú ẹ̀rọ kan tó ṣókùnkùn. Nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn tẹ ibi ìparí, tí máàkì rẹ̀ sì yọ, yàrá hó yèè. Èmi ni mo kígbe ju gbogbo wọn lọ. Mo ṣẹ́gun, Tinú. Mò ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí o lè gbọ́ ọ dé Ìsẹ́yìn, mo ṣẹ́gun.

Alájì dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní, “Kí ẹni tó ń bèèrè yàrá lọ wá ibi ìkẹ́rùsí sí Liverpool Road.” Ó wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní láptọ́ọ̀pù òun náà máa ń kú nílé, àbí torí pé orí bẹ́ẹ̀dì lòun ń gbé e lé ni? Mo ní, “Ẹ gbé e wá sí Boundary, Alájì. Tábìlì wa ń retí yín.” Ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ní ti Àlàájà, ó ti mú abẹ́rẹ́ padà. Ó ń gé ẹ̀gbẹ́ àwọn aṣọ náà, ó ń fi nẹ́ẹ̀tì rán ojú ihò sí i. Ó sì ní kí n máa wá kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ̀rọ, tí wọ́n ń gbọn eruku rẹ̀ fúnra wọn.

Ó yá, tú ẹrù náà. Láptọ́ọ̀pù rẹ ni, èyí tí o jù sábẹ́ tábìlì lọ́jọ́ tí o ń lọ, tí o ní kí n tú u tà ní wẹ́wẹ́ torí pé ó ti kú. Kò kú. Irun àfikún orí rẹ ló wé mọ́ fáànù rẹ̀, mo fà á yọ láàárọ̀ yìí, mò ń dá rẹ́rìn-ín. Mo ti fi SSD sí i, mo ti fi RAM kún un. Mi ò ní kí o padà sí Èkó, ilé ọkọ rẹ kọ́ ni mo fẹ́ tú. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ wà ní Ìsẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti sunkún rẹ̀ tán wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn. Ìwọ ni ọwọ́ rẹ yá jù nínú àwa méjèèjì. Má jẹ́ kí ọwọ́ yẹn máa ka ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé nìkan. Bí o bá tan ẹ̀rọ náà, àwòrán pátákó ṣọ́ọ̀bù wa ni wàá kọ́kọ́ rí. Àárọ̀ yìí ni wọ́n tún un kùn, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ tí mo fi yà á. Ẹni tó kùn ún béèrè pé kí òun pa orúkọ tó ṣáájú rẹ́, torí kò rí ọ rí. Mo ní bó bá pa á rẹ́, kó pa tèmi náà mọ́ ọn.

Kí Ọlọ́run da ọmọ rẹ sí, kó fi òwò aṣọ rẹ ṣe àṣelà, kó sì má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa di ohun ìtìjú lójú ẹnikẹ́ni. A ó tún fojú kan ara wa nínú ayọ̀. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ àti alájọni-ṣọ́ọ̀bù rẹ,
Lubabah.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: Àlàájà ló rán aṣọ àrán tó wà lára láptọ́ọ̀pù náà fún ọ, ó ní kí n kí ọ dáadáa. Bọ́ ọ kúrò kí o tó tan ẹ̀rọ. Bí o bá sì ti ń bọ́ ọ lọ́wọ́ yẹn, jọ̀ọ́, yọ rìmóòtù nínú ọ̀rá.