Ìyá Arúgbó Tó Ń Wo Ẹnu Wa

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Láti Atlanta níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá Ṣẹ́gun àtìyàwó wọn. Òtútù ti dé, mo ṣì ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà nílé ìtọ́jú kan ní Decatur, nítòsí Atlanta. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ lẹ́tà yìí síta ni, torí ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ ará wa níbí.

Ẹ ní ẹ ń fura pé ọkọ mi ni kò fẹ́ kí ẹ wá bá wa gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fura sí i. Ìyá arúgbó kan níbi iṣẹ́ ló dẹ́rù bà mí.

Kosovo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Serbia ní Yúróòpù, ni ìyá náà ti wá, èdè Serbia ni wọ́n ń sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn, mo kúnlẹ̀ kí wọn bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ìyá figbe ta, wọ́n fa báàgì wọn mọ́ àyà. Wọ́n rò pé mo fẹ́ wo nǹkan tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni! Látìgbà náà, témi àti Aunty Bọ́lá tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bá ń sọ Yorùbá, ẹnu wa ni ìyá máa ń wò. Nígbà tí ọ̀gá wa wá pàṣẹ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan la ó máa sọ lójú àwọn àgbàlagbà, mo ti mọ ẹni tó fẹjọ́ sùn. Inú bí mi gan-an.

Mo bi ọmọ wọn bóyá ìyá ló fẹjọ́ sùn, kò sì jiyàn. Ó ní òfin Kosovo sọ pé èdè Albania àti èdè Serbia ni èdè ìjọba, ọ̀kan ò ju ọ̀kan lọ. Àmọ́ bí màmá òun bá dé ọ́fíìsì, wọ́n lè máà rí ẹni tó máa fi èdè wọn dá wọn lóhùn. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa bá ara wọn sọ èdè Albania tí ìyá ò gbọ́, ìyá á sì gbà pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń sọ. Ìfura yẹn ni wọ́n gbé wá síbí.

Màmá, èmi náà ti ṣòfin nílé wa ní Dacula, lẹ́yìn Atlanta, pé Yorùbá la ó máa sọ nídìí oúnjẹ. Àwọn ọmọ gbà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣì fi ń dáhùn, èmi náà á gbàgbé, a ó sì jọ bú sẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ta ló máa sọ fún yín pé kì í ṣe ẹ̀yin là ń fi rẹ́rìn-ín?

Ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i, kí àwọn ọmọ lè máa sọ Yorùbá kí ẹ tó wá. Ẹ máa bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn. Mi ò fẹ́ kí ẹ jókòó nílé ọmọ yín, kí ẹ máa wo ẹnu wa.

Ọlọ́run á bá mi dá yín sí, ara yín á máa le. Ẹ kí gbogbo ará ilé.

Èmi Dúpẹ́, ọmọ yín.