Ojú Màámi Wà ní Ákírà

Olóòtú wa, ẹ kú ohùn tó ń tu ni lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ákírà ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Sabon Zongo. Òkúta àti irin ni mo fi ń ṣe ère. Bàbá olówó kan ní Jamestown níbẹ̀ ní kí n gbẹ́ ère obìnrin ọlọ́jà síwájú ilé òun. Màámi tó ń ta ọṣẹ ni mo wò gbẹ́ ẹ.

Ojú la máa ń là kẹ́yìn lára ère. Ojú nìkan ló kù tí ìjọba ibẹ̀ fi lé wa kúrò nílùú lọ́dún 1969. Wọ́n ní àlejò ni wá, níbi tí wọ́n gbé bí mi! Mo búra pé mi ò ní tẹ ilẹ̀ náà mọ́.

A ò pẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú baba wa tí a sá padà sí, tí ojú màámi fi fọ́. Dókítà ní àìsàn ni. Màámi ní, "Irọ́ ni. Ákírà lo fi ojú mi sí. Lọ là á." Mi ò lọ, títí a fi sin ín.

Ọ̀rẹ́ mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ákírà dé. Ó ní ère náà ṣì wà níbẹ̀, kò lójú. Látìgbà náà, bí mo bá ti gbé òòlù, màá gbọ́ ohùn màámi lẹ́yìn mi: "O ò tíì lọ?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá lọ la ojú náà, tó sì wò mí, kí ni kí n sọ pé ó dá mi dúró?